Ẹnu Bọ̀wálé Ni Mo Ti Fẹ́ Gbọ́ Ọ

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ní ilé ọmọ mi ní Westchase, ní Houston, kò sì fẹ́ dìde.

"Ọkọ mi, ẹ dákun. Ọ̀la ni ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀yin ni gbogbo ìjọ ń retí pé ẹ máa súre fún wọn."

"Adérìnsọ́lá, ta ló rán ẹ?"

"Àwọn náà ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín."

"Ṣé wọn ò lẹ́nu ni?"

Olúwadára, ọmọ mi, yọjú láti kíṣìn. "Dádì, haba! Àgbà wo ló ń bẹ àbúrò ẹ̀? Wọ́n ti ránṣẹ́, ó ti tó now."

Mo ní kó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ó ti tó ogójì ọdún tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ̀wálé, ẹ̀gbọ́n mi, ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀. Àwa Onítẹ̀bọmi ní Houston kì í yé tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ: pé ẹnikẹ́ni kò lè bá ẹlòmíràn jẹ́wọ́, ìbáà ṣe àlùfáà, ìbáà ṣe ìyá ẹni, ẹni tó ṣẹ̀ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní ìjìnlẹ̀ ni. Èmi mọ ibi tó ti wá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Bọ̀wálé nígbà tó ń fi àtùpà kàwé nínú yàrá tí àlùfáà ti ń múra ní ṣọ́ọ̀ṣì ilé ìwé wa. Oorun gbé e lọ, àtùpà ṣubú, ó sá. Èmi ni mo wọlé lọ paná. Èmi ni hẹdimásítà bá níbẹ̀, èéfín ní gbogbo ọwọ́ mi. Wọ́n nà mí níwájú gbogbo ilé ìwé, wọ́n sì lé mi kúrò ní kíláàsì kẹrin. Bọ̀wálé wà lórí ìlà, ó ń wò. N kò padà sílé ìwé mọ́ láé. Pákó ni mo là jẹun.

"Sọ fún un pé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé," mo wí fún Adérìnsọ́lá. "Bó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú ìjọ, màá súre. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

Lọ́jọ́ kejì, nínú gbọ̀ngàn kan ní Stafford, mo jókòó sẹ́yìn. Pásítọ̀ pe àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún ọlọ́jọ́ ìbí. N kò dìde. Ó tún pè. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi.

Bọ̀wálé gba makirofóònù. Ó sọ ọ́: àtùpà, iná, ẹgba. "Àbúrò mi ló jìyà ẹ̀."

"Halelúyà!" ni ìjọ pariwo. "Àpèjúwe ńlá lèyí!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ìwàásù ni.

Mo ṣì jókòó.

"Ẹ dákẹ́!" Bọ̀wálé lu tábìlì. "Kì í ṣe àpèjúwe! Èmi ni. Bólúwají, àbúrò mi tí wọ́n nà, ló jókòó sẹ́yìn yẹn."

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ń bọ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ń di ẹ̀yìn àga mú bó ṣe ń rìn. Nígbà tó dé iwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ gbá wọn mú!" obìnrin kan ké. "Èèwọ̀! Bàbá Dára, ẹ dìde!"

N kò dìde. Orúnkún rẹ̀ kan kanlẹ̀. Ìgbà náà ni mo di apá rẹ̀ mú.

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Rárá. Mo ti gbọ́ yín."

Mo gbé e dìde, mo gba makirofóònù. Mo súre fún un. Àdúrà náà kò gùn.