Àárò Ẹni Tí Kò Tíì Lọ

Àdíját di ìsàlẹ̀ pákó mú, Jàfárù bàbá rẹ̀ di òkè mú, wọ́n sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, òjò wínníwínní sì ń rọ̀. Orí pákó náà ni wọ́n tẹ́ béèsì sí, gòjé ràgàjì kan tí ó ga ju Jàfárù fúnra rẹ̀ lọ, èyí tí Àdíját ń ta nínú ẹgbẹ́ ọ́kẹ́sítírà àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè. Àpò rẹ̀ ti ya, ìyá Àdíját sì ti yọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan sílẹ̀ kí wọ́n fi wé e, kí òjò má baà pa á. Jàfárù, tí iṣẹ́ káfíńtà ti wọ̀ lára, dì í bí ó ti máa ń di pákó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dópẹmú: okùn kan lókè, okùn kan láàárín, okùn kan nísàlẹ̀.

"Má jẹ́ kó kan ògiri o," ni Jàfárù wí. "Bí nǹkan bá ṣe é, èmi kọ́ ni n ó lọ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀."

Àdíját dáhùn, bàbá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ ogún ọdún ni, ṣùgbọ́n inú àyà ni ohùn rẹ̀ máa ń wà, àwọn ará ilé a sì máa bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbọ́ ìdáhùn. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi fẹ́ràn béèsì. Ohùn ìsàlẹ̀ lòun náà ní.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ àgbà, Bàbá Sàlàkọ́, ti ní òun ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Ajé, òun kò sì ní wá mọ́. Orúnkún ló gbé e wá sọ́dọ̀ wọn l'Ékòó. Orúnkún ti san díẹ̀, ṣùgbọ́n ara bàbá kò balẹ̀. Ó ní ìlú tí èèyàn ti ń kíni tí kì í dúró gbọ́ èsì, ìlú wo nìyẹn? Ó ní bí òun bá kú s'Ẹ̀gbẹ́dá, Jàfárù àtìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa mọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n rán an létí pé ilé Ògbómọ̀ṣọ́ ti dá páro, pé kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó kù níbẹ̀. Ó ní ògiri ibẹ̀ mọ òun.

Àfi bí ẹni pé Ọ̀gá Festus tó ń darí ọ́kẹ́sítírà wọn mọ̀, Àárò ni ó sọ orúkọ eré tí wọ́n fẹ́ ṣe n'Íkẹjà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Orin àwọn Potogí ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó kọjá sí ti àwọn Jámánì àti Rọ́ṣíà ayé àtijọ́ tí ọkàn wọn ń fà sí ohun tó jìnnà. Ọ̀gá Festus ní àwọn obìnrin Potogí a máa dúró létí òkun, wọn a máa kọrin sí ọkọ̀ ojú omi tó gbé ọkọ wọn lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní Àdíját ń ta tirẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀, ó tún ní ó ti ń fi sunkún jù.

"Àárò kì í ṣe ẹkún," ni ọ̀gá wí. "Ẹkún mọ̀ pé nǹkan ti tán. Àárò ò tíì gbà."

Wọ́n gbé béèsì dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ òrùlé ẹ̀bá kànga. Jàfárù lọ gbé píkọ́ọ̀pù tí ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti títì, Àdíját sì padà sínú yàrá lọ mú ọ̀pá tí ó fi ń ta á. Nígbà tí yóò fi jáde, Sùsánà aránṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ti dé láti ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró síwájú ẹní, ọwọ́ méjèèjì lórí. Ó wo aṣọ funfun, ó wo okùn mẹ́ta. Ó wo ilẹ̀kùn Bàbá Sàlàkọ́ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí kò sẹ́nì kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti bá Mùsùlùmí gbé pẹ́ tó láti mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí òkú rí ọ̀sán.

"Bàbá ti lọ," ni ó wí, ó sì bú sẹ́kún.

Kí Àdíját tó la ẹnu, Ọmọlará ti pọn ọmọ jáde láti yàrá kejì. Lánlọ́ọ̀dù wọn, Abraham, yọ pákò lẹ́nu, ó sì ṣí fìlà. Ó kí Àdíját kú ará fẹ́ra kù.

"Ẹ má bínú, sà," ni Àdíját bẹ̀rẹ̀, "kì í ṣe..."

Sùsánà ti fà á mọ́ra. Ó fi orí rẹ̀ há àyà ara rẹ̀ pinpin tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yòókù fi kú sínú aṣọ. "Sunkún, ọmọ mi. Má pa á mọ́nú."

Ibẹ̀ ni Àdíját wà nígbà tí ó rí i, láti abẹ́ apá Sùsánà, pé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ páànù ṣí díẹ̀. Orí Bàbá Sàlàkọ́ yọ jáde, funfun fún ọṣẹ. Bàbá wo ẹní. Ó wo àwọn tó yí i ká. Ó fi ìka kan lé ètè, ó wo Àdíját.

Àdíját mọ̀ pé kò dáa kí a máa jẹ́ kí èèyàn ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ń wẹ̀. Ó sì mọ̀ pé Ọ̀gá Festus kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá pẹ́ dé ìgbáradì àárọ̀. Ṣùgbọ́n ojú bàbá tí ó rí nínú ọṣẹ yẹn, kò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá ti dé Èkó. Ó pa ẹnu mọ́. Ẹ̀rín ń pa á, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, Sùsánà sì túbọ̀ ń lù ú lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọmọlará ní ta ni ọmọ òun yóò máa jẹun níwájú rẹ̀ báyìí, nígbà tó jẹ́ pé bí kò bá sí lẹ́nu ọ̀nà bàbá, kì í lanu. Sùsánà ní ẹ̀yin ò mọ̀. Ó ní bí òun bá ti ìṣọ́ òru dé, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn, bàbá a wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ikọ́ ò ṣe é. Ó fẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnì kan ò tíì sùn ni. Mi ò dúpẹ́ rí. Mo rò pé ìgbà ṣì wà."

Abraham ń yí fìlà lọ́wọ́. "Ọkùnrin yìí ò gbà fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo," ni ó wí. "Bí mo bá ní òjò á rọ̀, á ní kò ní rọ̀. Ohun tí rédíò bá sọ, tí mo bá gbà á gbọ́, ó ti di irọ́ lójú tiẹ̀. Ta ni yóò wá máa bá mi jiyàn nílé yìí?" Ó wo aṣọ funfun náà. "Ẹ̀ẹ̀kan wà, iyàn ọ̀rọ̀ afárá tí a jà lọ́jọ́sí, òun ló jàre. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò kàn lè sọ fún un ni."

"Ẹ tún ìyẹn sọ, lánlọ́ọ̀dù," ni ohùn kan wí láti balùwẹ̀. "Ọṣẹ kún etí mi."

Sùsánà ju Àdíját sílẹ̀, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọlará pariwo Jésù. Abraham kò sá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá òkú. Àdíját tú okùn òkè, ó fi orí béèsì hàn wọ́n. Nígbà tí Jàfárù fi gbé píkọ́ọ̀pù dé, gbogbo ilé ti ń rẹ́rìn-ín tó omi ń bọ́ lójú wọn, Bàbá Sàlàkọ́ sì dúró láàárín, ó ró aṣọ ìwẹ̀ mọ́yà, ọṣẹ ń gbẹ lórí rẹ̀. Sùsánà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dá omijé mi padà," ni ó wí, ó tún ń sunkún. "Ọ̀fẹ́ kọ́ ni mo sun ún."

Abraham ní òun ti ṣí fìlà, òun gbọ́dọ̀ sin òkú yìí dé ibi tó ń lọ. Ó gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ó di béèsì mú. Ọmọlará àti Sùsánà tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí wọ́n dúró fún àwọn. Bàbá, tó ti ń kọ̀ láti jáde nílé láti ọjọ́ yìí, béèrè ibi tí agbádá òun wà.

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n dé.

Apá kan wà nínú orin Potogí àkọ́kọ́ tí gbogbo okùn yòókù máa ń dákẹ́, tí béèsì nìkan á máa lọ. Àdíját wo ìsàlẹ̀. Ó rí wọn lórí ìjókòó gígùn kan ní apá òsì, bàbá láàárín, wọ́n há mọ́ra. Ó ronú kan ikọ́ inú òkùnkùn. Ó fa ọ̀pá, ohùn náà jáde, ó jìn, ó gbóná, kò yára. Ọwọ́ Ọ̀gá Festus, tó máa ń béèrè ohun kan sí i lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, dúró lójú kan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí ohùn náà parẹ́ tán, Sùsánà ṣe "Àmín" jẹ́jẹ́, ìdajì gbọ̀ngàn sì gbè é.

Eré parí, gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Sàlàkọ́ nìkan ni kò dìde. Àdíját rí i láti orí pèpéle pé ó tẹ̀ síwájú. Ó rò pé orúnkún ni. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Jàfárù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

"Kí lẹ ń wá, Bàbá?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Mò ń wọ̀n ọ́n ni." Bàbá ń na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ìjókòó náà lórí, ìbú ọwọ́ tẹ̀ lé ìbú ọwọ́. "Irú èyí ni kí o kàn fún mi síwájú ilé wa l'Ẹ̀gbẹ́dá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kí ó gba gbogbo wa, kí àyè sì kù fún ẹni tó bá ń kọjá."

Jàfárù wo Àdíját. Kò sẹ́ni tó fẹ́ béèrè. Àdíját ló béèrè, ketekete, tí Abraham fi yíjú padà.

"Ọjọ́ Ajé ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá kò gbójú sókè nínú ohun tí ó ń wọ̀n.

"Ọjọ́ Ajé ni kí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."