Iná Pupa Inú Ọkọ̀ Àlájì Sadok

“Lamjed, iná pupa yẹn tún ti tàn o!”

“Mo rí i, Àǹtí. Ìgbà wo ni kì í tàn?”

Mabrouka tẹjú mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú obìnrin méjìlá tó há mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì náà, tí wọ́n ń lọ ká èso ólífì, òun nìkan ló kàwé. Ìdí nìyẹn tó fi ń jókòó níwájú. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ iná náà. Lamjed awakọ̀ ò lè kà á.

“Ó ní epo bíréékì ti lọ sílẹ̀. Ó ní ká dúró.”

“Mo ti sọ fún Àlájì Sadok. Ó ní ọkọ̀ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìyẹ̀wò ni.”

“Ṣé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́?”

Lamjed mí kanlẹ̀. “Ọkọ̀ ò kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Kẹ́ẹ̀gì òróró méjì ló lọ sílé ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ìwé ló bá padà wá.”

“Dúró, jọ̀ọ́.”

“Bí mo bá dúró, ẹlòmíì ni yóò wà á lọ́la. Ìyàwó mi lóyún, Àǹtí.”

Ìyá Khira, opó ẹni àádọ́rin ọdún, pariwo láti ẹ̀yìn: “Ẹ jẹ́ kó máa tàn jàre! Ilé tèmi ò níná rárá.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mabrouka di ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ mú.

Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, Lamjed tẹ bíréékì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọlé bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ó tún un tẹ̀.

“Kò mú! Ẹ di nǹkan mú!”

Ó fa jíà wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké. Àwọn obìnrin ń pe Ọlọ́run. Lamjed forí ọkọ̀ sọ ẹ̀gbẹ́ òkè kó má baà já sí kòtò, ọkọ̀ sì takìtì.

Apá Mabrouka ṣẹ́. Ìyá Khira ò jáde láàyè.

Àlájì Sadok bá ọlọ́pàá wá sí ọsibítù. Mabrouka ròyìn gbogbo ohun tó rí fún wọn.

“Ṣé mẹkáníìkì ni ọ́?” ni ọlọ́pàá bi í. “Ìwé ní bíréékì dára. Awakọ̀ ló sáré àsápajúdé.” Wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Lamjed lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú Ìyá Khira, fèrè ọkọ̀ dún lẹ́bàá kànga, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń kó àwọn obìnrin lọ ká ólífì. Mabrouka jáde, ó rí Najet, ọmọ Ìyá Khira, tó ń so ìborùn mọ́rí bó ti ń sáré lọ.

“Najet! Ọkọ̀ ta nìyẹn?”

“Ti Àlájì ni, Àǹtí. Ta ló tún ní ọkọ̀ lábúlé yìí?”