Ibi tí Bàbá Máa Ń Fò Nínú Àwo Orin Náà

Pálọ̀ wa ni, ṣùgbọ́n kò ní ògiri. Àwọn àga wà ní ààyè wọn, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, oko kòkó sì yí wa ká títí dé ibi tí ojú mi lè rí dé. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Bàbá mi ló yà mí lẹ́nu, tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó ti giramafóònù, nígbà tó jẹ́ pé ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a sin ín.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

"Dìde, Ọláṣebìkan. Orin la fẹ́ gbọ́."

Ó yọ àwo náà nínú páálí rẹ̀. *Ìpàdé Odò* ni, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1975. Òun ń fi fèrè kọ jáàsì, Akínwándé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi gìtá oníná ta rọ́ọ̀kì. Àwọn èèyàn ní epo àti omi kì í dàpọ̀. Àwọn méjèèjì pò wọ́n pọ̀, ó sì dùn dé eegun.

Ọ̀sẹ̀ tí àwo náà jáde ni Akínwándé bá ọkọ̀ òfurufú lọ Jámánì. Ẹgbẹ́ tú, bàbá mi kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ti padà wálé báyìí, ó ti darúgbó, ó sì ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé òun fẹ́ wá ta gìtá níbi ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin búra pé kò ní tẹsẹ̀ bọ ọgbà wa. Èmi ni dáwódù, ẹnu mi ni wọ́n ń wò, mi ò sì mọ èyí tí ǹ bá sọ.

Bàbá mí èémí sí ojú àwo, ó fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún yípo, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Fèrè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo tún di ọmọ ọdún méje tó na ẹsẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Nígbà tí fèrè dákẹ́, mo retí kó gbé abẹ́rẹ́ fò. Ó máa ń sọ fún wa pé nǹkan ti họ ibẹ̀. Ogójì ọdún la fi gbà á gbọ́.

Ó fi ọwọ́ lérí itan. Gìtá wọlé, ó mọ́ gaara. Bàbá mi di ojú, ó ń mi orí.

"Bàbá, ẹ ní ibẹ̀ ti bàjẹ́."

"Irọ́ ni mo pa fún yín. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, àárò ọ̀rẹ́ mi ló máa ń sọ mí. Agídí ló sọ mí di òpùrọ́."

Mo jí. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé, omijé ti rin ìrọ̀rí. Mo ti rò pé ó kórìíra ọkùnrin yẹn ni. Ẹ̀gbọ́n mi á bínú, màá bẹ̀ ẹ́. Mo pe Akínwándé lórí fóònù.

"Ẹ máa bọ̀, sà. Ẹ gbé gìtá dání."

"Ta ló ní kí n máa bọ̀?"

"Bàbá mi ni, sà."

Mo gbọ́ tí àgbàlagbà náà bú sẹ́kún.