Tábìlì Tó Ju Ẹnu Ọ̀nà Lọ

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún Káfíńtà, kó tó béèrè irú igi tí ẹ fẹ́, ẹnu ọ̀nà yín ló máa kọ́kọ́ lọ wọ̀n. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ẹ ní bẹ́ẹ̀dì ni ẹ fẹ́ o, ẹ ní kọ́bọ́ọ̀dù ni o, téèpù ni yóò fà yọ lápò, ilẹ̀kùn ni yóò sì dojú kọ. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù kan tó kọ̀ tí kò wọ ilé oníbàárà. Ọ̀gá rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi gba òmìnira. Láti ọjọ́ náà ló ti gbọ́n.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ya Wẹ́dà lẹ́nu lọ́jọ́ tó wá wo tábìlì ìkàwé tí Káfíńtà kàn fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni Wẹ́dà àti Káfíńtà, ògiri kan ló la ṣọ́ọ̀bù wọn láàárín, ìtòsí ilé Káfíńtà sì ni méjèèjì wà. Inú yàrá ọmọ náà gan-an ni Káfíńtà ti kan tábìlì ọ̀hún. Ó gùn láti ògiri dé ògiri, ó ní dúróà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ní ibi ìkówèésí lókè, ojú rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Wẹ́dà fọwọ́ pa á, ó mi orí. Ó wo tábìlì, ó wo ilẹ̀kùn, ó tún wo tábìlì.

"Ọ̀rẹ́, báwo lèyí ṣe máa jáde níbí?"

"Ta ló ní kó jáde?" ni Káfíńtà fi dá a lóhùn, ló bá yára mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá àgékù igi tí kò tíì sí nílẹ̀.

Hẹn-ẹn! Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sáré. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìdí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Káfíńtà bí. Ìyá ọmọ ti kú láti ìgbà tí ọmọ ò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Baba ló ń di irun fún un lọ sílé ìwé, irun wọ́gọwọ̀gọ tí àwọn tíṣà ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín sí. Oníbéèrè ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kí ló dé tí bọ́ọ̀sì fi ń fowó lé owó lọ́jọ́ òjò, ṣé ọ̀nà gùn sí i ni? Kí ló dé tí àwọn tó ń ta bàtà fi ń kó ìsọ̀ wọn síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọn ò jìnnà síra? Bó bá ti sú baba, á ní, "Lọ bi wọ́n." Ọmọ á sì lọ bi wọ́n lóòótọ́! Nígbà tó fi dé kíláàsì àṣekágbá, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ló fẹ́ lọ kà ní yunifásítì.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ní àwọn yunifásítì ńláńlá, èrò tó ń du àga kan níbẹ̀ pọ̀ débi pé púpọ̀ nínú wọn kì í rí àga ọ̀hún kí wọ́n tó darí sílé. Tíṣà ìṣirò rẹ̀, obìnrin kan tí kì í pọ́n ọmọ lé lásán, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìṣirò rẹ múná, ṣùgbọ́n àwọn tí ìṣirò wọn múná pọ̀ bíi yanrìn. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ní kó o yàn. Mú mẹ́ta tó le, kó o wá fi ọ̀kan tó rọ̀ ti ara rẹ lẹ́yìn. Yunifásítì kan wà ní ìlú etí òkun, wọ́n ń kọ́ni dáadáa níbẹ̀, wọ́n á sì gbà ọ́."

Ọmọ gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Káfíńtà ń jẹun lọ́wọ́, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Èyí tó rọ̀ kẹ̀? Ìwọ? Ọmọ tèmi? Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ jàre! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó le ni kó o mú. Ẹkùn kì í jẹ koríko. Gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ, àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ."

Oníbéèrè wo ojú baba rẹ̀ títí. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Ó yọ ìlú etí òkun kúrò, ó fi èyí tó le jù lọ nínú gbogbo wọn dí i.

Ṣé ẹ rí i, ìyìn tí Káfíńtà gbà lọ́sẹ̀ yẹn, ọba ò gba irú rẹ̀. "Baba tó nígbàgbọ́ nínú ọmọ rèé!" Wẹ́dà gbá a mọ́ra níwájú gbogbo oníbàárà. Ẹni a ń yìn nìkan ló mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ẹkùn, ohun tó ń rò ni pé àwọn ibi mẹ́rin wọ̀nyí kì í gbani bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kọ ọmọ, kò ní jẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan wà lẹ́yìn ọ̀nà ńlá, ẹsẹ̀ ni ọmọ á máa fi rìn lọ, ẹsẹ̀ ni á máa fi rìn bọ̀, òun á sì máa gbọ́ ìró rẹ̀ nínú yàrá kejì bó ṣe ń ka ìwé sókè bí ẹni ń bá ìwé jà. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà burú. Ẹ̀rù ilé tó dákẹ́ ló ń bà á. Ó ti gbé inú ilé tó dákẹ́ rí, lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ kú, kò sì fẹ́ padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kan tábìlì.

Èsì yunifásítì àkọ́kọ́ wọlé sórí fóònù: wọn ò gbà á. "Ẹ̀ẹ́yà, pẹ̀lẹ́ ọmọ mi," ni baba wí, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ara rẹ̀ tó ń súfèé. Ojú tì í, ó pa ẹnu dé. Ìkejì náà kọ̀. Ọmọ ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, baba náà ò sì lè jẹ tirẹ̀ tán. Nígbà tí ìkẹta kọ̀, Oníbéèrè gbé orí lé orí tábìlì ńlá yẹn, ó sunkún títí ojú igi fi tutù. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń wá ló ń bọ̀ wá bá a yìí, kò sì rí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gé pákó oníbàárà kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìkẹrin, èyí tó le jù yẹn, kò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ó wọ ọkọ̀ lọ, ó sì padà dé lọ́jọ́ kejì. Kò gba ilé lọ, ṣọ́ọ̀bù ló yà sí. Ó gòkè jókòó sórí bẹ́ǹṣì iṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré, ó ń ju ẹsẹ̀ méjèèjì síwá sẹ́yìn. Baba rẹ̀ ń fá pákó lọ́wọ́.

"Báwo ni wọ́n ṣe ṣe sí ẹ?"

"Wọ́n le, ṣùgbọ́n wọn ò rí mi fín. Wọ́n fún mi ní ìṣirò, mo ṣe é, ibì kan dà mí láàmú. Lẹ́yìn náà ni bàbá àgbà kan nínú wọn ní, 'Nínú ẹ̀kọ́ tiwa, bá a bá fẹ́ mọ ohun tẹ́nì kan fẹ́, a kì í tẹ́tí sí ẹnu rẹ̀ jù. Ohun tó bá yàn là ń wò. Fún mi ní àpẹẹrẹ tí kò sí nínú ìwé.'"

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní bàbá mi."

Ìfági dúró lórí pákó.

"Mo ní bàbá mi sọ pé kí n lọ síbi tó ga jù, gbogbo ayé ló sì gbọ́. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni. Kò kan nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni rí kó má wọn ẹnu ọ̀nà. Ó wá kan tábìlì fún mi tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá mi jáde láéláé."

Káfíńtà yọ èérún igi kúrò lẹ́nu ìfági. Ó ní, "Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, kí ni bàbá ẹ wá fẹ́? Mo ní ó fẹ́ kí n dúró, kò sì fẹ́ kí n mọ̀."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí Wẹ́dà bi yín léèrè. Mo wà lábẹ́ fèrèsé."

"O ò sì bá mi jà."

"Fọ́ọ̀mù ti lọ, Bàbá. Kí ni ìjà fẹ́ ṣe? Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi, ẹ má rò pé ó ti tán." Ó mú èérún igi kan lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. "Ṣùgbọ́n orí tábìlì yẹn náà ni mo ti ka ìwé tí wọ́n fi pè mí. Mi ò rí tábìlì tó dára tó yẹn rí."

Ó fò sílẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé. Káfíńtà dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn.

Nígbà tí ọmọ jáde lọ sílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Káfíńtà gbé ayùn wọ yàrá. Ó kó ìwé ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ pa ojú tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ayùn bọ̀ ọ́. Wẹ́dà gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé.

"Yéè! Ṣé kò sí o? Irú igi báyìí?"

"Mi ò wọn ẹnu ọ̀nà."

"Irọ́ lò ń pa. O wọ̀n ọ́n."

Káfíńtà dáwọ́ dúró. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Mo wọ̀n ọ́n, ọ̀rẹ́ mi. Mo wọ̀n ọ́n dáadáa."

Wẹ́dà kọjá sí òdìkejì tábìlì. Ó di etí kejì pákó mú, wọ́n jọ ń gé e.

Nígbà tí Oníbéèrè fi máa dé, ìyẹ̀fun igi ti gba gbogbo ilẹ̀. Àpótí ńlá kan ló wà láàárín yàrá, ó ní ọwọ́ ìmú lápá méjèèjì. Ojú tábìlì ni wọ́n fi ṣe ìdérí rẹ̀, àbàwọ́n íǹkì tí ọmọ da síbẹ̀ ṣì hàn lórí rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò.

"Wọn ò tíì dáhùn, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Tí wọ́n bá wá kọ̀ mí ńkọ́?"

"Ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà. A ó yan mẹ́rin, ti tíṣà á wà nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi á tẹ̀ lé ẹ dé etí òkun yẹn lọ wo ibẹ̀." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ìyẹ̀fun igi wá wọ̀ ọ́ lójú. "Mo ṣe ọ́ níbi, ọmọ mi. Má bínú sí mi."

"Níbo ni mo ti máa kàwé báyìí?"

"Orí tábìlì oúnjẹ. Ọbẹ̀ ò ní pa ìṣirò lára."

Ọmọ ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín borí rẹ̀.

Èsì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀. Wọ́n gbà á. Igbe tí ọmọ náà ké, Wẹ́dà ju irin sílẹ̀, ó rò pé iná ló ń jó. Baba gbé ọmọ sókè bíi pé kò ì tíì dàgbà, ó ń jó, ó sì ń sunkún.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, Káfíńtà àti Wẹ́dà gbé àpótí. Ó gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá, ó gba ti pálọ̀, kò kan igi kankan. Káfíńtà gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó mú okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

"Má lọ mọ́ o," ló ń wí, kò gbójú sókè. "Ṣé o gbọ́? Lójú ayé báyìí ni mo ti ń sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kó o lọ. Ilé á dákẹ́. Má lọ." Ó fa okùn náà le, ó ta kókó, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó máa tú, ló bá tún ta òmíràn lé e.

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Oníbéèrè wí. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni mò ń wò."