Ilẹ̀kùn Ọwọ́ Òsì

Aṣọ ìnura Sàádíà gan-an ni Yẹfẹ́tì fi wé ilé ìṣọ́ fàdákà kékeré tí Sàádíà ṣe lọ́jọ́ tó gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Sàádíà, tí wọ́n jọ ń rọ fàdákà nídìí iná kan náà, wà lórí ibùsùn nílé, ibà ń gbọ̀n ọ́n. Ó di ọdún méjìdínlógójì báyìí.

Ilé ìṣọ́ náà kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, kànáfùrù ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, kí wọ́n máa gbóòórùn rẹ̀ bí Sábáàtì àwọn Júù bá ń parí lọ. Oṣù márùn-ún ni Sàádíà fi lọ́ okùn fàdákà rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Fàdákà yíyọ́ ti jó ọwọ́ ọ̀tún bàbá náà, ìka rẹ̀ ti wọ́ pọ̀, nítorí náà ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Yẹfẹ́tì gbé e fún oníṣòwò kan, ó ní òun lòun ronú rẹ̀. Wọ́n fi ṣe móòdù, wọ́n sì ń ti inú rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Lónìí, kò sí gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan ní Jerúsálẹ́mù tí kò sí. Àwọn tó ń rà á ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń ki òdòdó gbígbẹ sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ki gílóòbù sí i. Kò sẹ́ni tó ń gbóòórùn nǹkan kan. Bí oníbàárà bá sì béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, Yẹfẹ́tì a ní àṣà àwọn baba wa ní Yẹ́mẹ̀nì ni.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ohun tí Sàádíà fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, Yẹfẹ́tì wá. "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́ lọ́nàkọnà, dárí jì mí." Sàádíà ní, "Ọ̀nà wo?" Ó ní, "Lọ́nàkọnà." Lọ́jọ́rú, bákan náà. Sàádíà kò dárí jì í. Òní, ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ètùtù yóò wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Òfin sì ní bí ènìyàn bá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí a kọ̀, ọrùn ẹni tó kọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sí.

"Bàbá Yónà, ó ń bọ̀ o," Lúlúwà, ìyàwó Sàádíà, pariwo lójú fèrèsé. "Ó kó àgbà mẹ́ta dání."

"Kó kó mẹ́wàá."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ o. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ Yẹfẹ́tì ṣínu ààwẹ̀ lọ́la."

Wọ́n wọlé. Mórì Áróònì, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, olùkọ́ ìwé mímọ́ wọn, ló ṣáájú. Yẹfẹ́tì kò jókòó. "Sàádíà, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́…"

Sàádíà dìde. Ó gbé ilé ìṣọ́ kan wá láti orí pẹpẹ, èyí tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ rà fún un lọ́jọ́ ìbí láìmọ ohunkóhun. Ó gbé e síwájú Yẹfẹ́tì.

"Ṣí i."

Yẹfẹ́tì na ọwọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀kùn náà há mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó pààrọ̀ ọwọ́.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ọwọ́ òsì?" Mórì Áróònì béèrè.

"Àṣà Yẹ́mẹ̀nì ni, Mórì."

"Yẹ́mẹ̀nì wo? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Sàádíà, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Yẹfẹ́tì ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà, ó ń pa á dé. Ó ká ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi wọ́ pọ̀ bíi ti olóògbé bàbá Sàádíà. Sàádíà rí i. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò gbàgbé rí, kò gbàgbé fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

"Kì í ṣe àṣà," Yẹfẹ́tì wí fún àwọn àgbà. "Ọwọ́ ọ̀tún bàbá Sàádíà ló jó. Ọmọ ló ṣe é fún un. Èmi ni mo jí i, Sàádíà. Bàbá rẹ kú láìfọwọ́ kàn án."