Àtàǹpàkò Bàbá Jemimah

Èrò kún ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ní Oregun fọ́fọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń ti ara wọn jáde, àwọn tàárọ̀ ń ti ara wọn wọlé, ni ojú Jemimah, akọ̀wé géètì, bá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọmọkùnrin kan tó dúró lórí àga, tó ń kan ẹ̀rọ ìtẹ̀ka mọ́ ògiri. Ọmọkùnrin náà gbàgbé òòlù lọ́wọ́. Jemimah gbàgbé orúkọ tó fẹ́ kọ.

Ìníolúwa ló ń jẹ́. Ọ̀gá rẹ̀, Reuben, tó ń ta ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, ló rán an wá. Tó bá di Fúráìdeè, wọn yóò yọ aago àtijọ́ tí òṣìṣẹ́ ń ki káàdì bọ̀ lẹ́nu kúrò. Ìka nìkan ni yóò máa jẹ́rìí pé èèyàn wá síbi iṣẹ́.

Bàbá Akínfẹ́nwá, bàbá Jemimah, ti ń se ọṣẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Wọ́n wo aago, wọ́n wo ọmọkùnrin náà.

"Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Ohun tí kò bá ti tàn bíi fóònù, pàǹtí ni lójú yín."

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn àgbà ni ò mọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ò sì níí mọ̀ wọ́n. Àfi bí ẹni ṣépè. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ náà, iná pupa tàn. Wọ́n nu ìka, wọ́n tún un tẹ̀, pupa. Ìníolúwa ní wọn ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni, pé bí àwọn àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gba ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Agége kọjá, wòlíì fi òróró gbàdúrà sí àtàǹpàkò náà. Òróró ọ̀hún bo ojú ẹ̀rọ, kò wá mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo géètì fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n "kò wá" ni ẹ̀rọ ń kọ síwájú orúkọ wọn, máníjà sì ti ní ẹni tí kò bá wá lọ́sẹ̀ kan, kó máa lọ sílé. Jemimah bẹ̀bẹ̀ pé òun ń rí wọn lójúkorojú. Máníjà ní ọmọ ò lè jẹ́rìí bàbá.

Ara Jemimah kò balẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó dìde. Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, ó fa Ìníolúwa lápá wọ ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ. Ìníolúwa gba ọwọ́ Bàbá, ó yí àtàǹpàkò sí ìmọ́lẹ̀. Kọ́sítíìkì, kẹ́míkà líle tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, ti jẹ gbogbo ìlà ibẹ̀, ó ń dán bí awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀rọ wa ni."

"Ṣé wàá sọ bẹ́ẹ̀ fún máníjà?" Jemimah bi í.

Ìníolúwa fi ọwọ́ Bàbá sílẹ̀. Bí Reuben bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Fi í sílẹ̀. Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ tiwọn, wọ́n á sọ ọ́ lónìí, wọ́n á pa á rẹ́ lọ́la. Ìwé tí èèyàn buwọ́ lù, ọmọ ìwòyí kan kì í kọ ọ́."

Ilẹ̀ Fúráìdeè mọ́, wọ́n ti gbé àkàbà síbi aago. Jemimah ń wo títì, ó ń wo aago, ó ń wo títì. Ìníolúwa yọ, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí kò sùn, ìwé tí wọ́n ká sí mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló máa ń dé ọwọ́ ọmọbìnrin inú gbogbo ìwé ìtàn ìfẹ́ tí Jemimah ti kà. Ó nawọ́.

Ìníolúwa mi orí, ó ṣí i hàn án. Orúkọ máníjà ló wà lókè, bírò ló fi kọ ọ́: ẹ̀rọ wa ni kò mọ ìka àwọn tó ń se ọṣẹ, ẹ jẹ́ kí aago wà níbẹ̀ fún wọn. Ó ti buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan kò sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ Jemimah mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò níí kọ èyí tó dùn jù ú lọ sí òun láéláé.

Máníjà ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Bàbá dúró lẹ́yìn wọn. Jemimah di Ìníolúwa mú níbi ìgúnpá, àwọn méjèèjì jọ rìn lọ bá ọkùnrin náà.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Ìníolúwa wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì mú ìwé náà fún un.