Ẹ̀wù Adágún Ẹja

"Ẹ má dà á! Mo ní ẹ má dà á!"

Aránṣọ já sí ẹ̀yìnkùlé, téèpù ń fì lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti dúró létí adágún pẹ̀lú kẹ́tùlù omi gbígbóná, èéfín ń rú lẹ́nu rẹ̀. Adágún náà kò ju ẹní méjì lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ẹja pupa inú rẹ̀ ti kéré bí hóró ìrẹsì ni aránṣọ ti ń tọ́ wọn. Ẹja ilẹ̀ olóoru ni wọ́n. Òtútù kò sí nínú àdéhùn wọn.

"Òtútù fẹ́ pa wọ́n," ni ọkọ rẹ̀, jórinjórin, wí. "Wò ó bí gbogbo wọn ṣe sùn sísàlẹ̀."

"Ẹ wá fẹ́ fi wọ́n se ọbẹ̀? Omi tó bá gbóná lójijì á pa wọ́n kí òtútù tó débẹ̀!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, súwẹ́tà méjì léra wọn lọ́rùn rẹ̀. "Jẹ́ kó dà á, ìyàwó mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹja ti ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹja. Àna wa ni wọ́n ni?"

Jórinjórin bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó tutù wọ eegun. Èyí tó tóbi jù, abo oníkùn róńdó tó ń múra àtiyé, ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Lánàá, oòrùn ṣì ń ta èèyàn lórí. Afẹ́fẹ́ kàn yí padà mọ́jú ni, kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ rọ omi yẹn sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ jẹ́ kó léfòó. Díẹ̀díẹ̀ ni omi á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi máa rán ẹ̀wù fún adágún."

"Kí lo máa rán?"

Aránṣọ ti fa téèpù yọ lọ́rùn. Ó ti ń wọn gígùn, ó ti ń wọn fífẹ̀, ó fi téèpù yí adágún po bí ẹni ń wọn ìbàdí ìyàwó tuntun. Ó gba ọ̀rá ńlá tí ọkọ rẹ̀ fi ń bo irin, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́yìn, ẹ̀rọ ìránṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Jórinjórin náà tẹ irin kọrọdọ bí òṣùmàrè sórí omi, kí ẹ̀wù lè dúró lé e. Nígbà tí wọ́n wọ ẹ̀wù fún adágún, ó bá a mu rẹ́gí. Èèrà gan-an ò ríbi gbà wọlé.

"Mi ò rán irú èyí rí," ni aránṣọ wí, ó ń fẹsẹ̀ rìn yí i ká bí àkùkọ.

Wọ́n jẹun, wọ́n padà dé, ó ṣì ń yin ara rẹ̀. Màmá wo ẹ̀wù náà títí.

"Ìyàwó mi, ọrùn rẹ̀ dà?"

"Adágún ò lọ́rùn, mà."

"Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò ní mí? Bí mo bá wọ súwẹ́tà yìí tí n ò rí ibi yọrí, igbe tí màá ké, gbogbo àdúgbò á sáré wá!"

Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu. Ó ká etí ẹ̀wù sókè: gbogbo ẹja ti jọ wá sójú omi, wọ́n ń lanu, wọ́n ń panu dé. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, téèpù ò wọ̀n ọ́n.

"Àlùmọ́gàjí! Ẹ bá mi mú àlùmọ́gàjí!"

"Ọ̀gá aránṣọ," ni ọkọ rẹ̀ wí bó ṣe ń sáré, "ẹ̀wù tí kò lọ́rùn! Ṣé àpò ni?"

"Ẹ pa ẹnu yẹn mọ́, ẹ̀yin alásè!"

Ó gé ihò tó gba orí èèyàn. Màmá ló kọ́kọ́ ki orí bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Wọ́n ti ń tú ká," ohùn rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀wù. "Oníkùn yẹn ti dìde. Ó ń wò mí! Ẹ rọra sọ̀rọ̀, abiyamọ ni."

Jórinjórin lọ gbé àga wá fún ìyá rẹ̀. Aránṣọ ti fa òwú bọ abẹ́rẹ́, nítorí ọ̀rá tí a kò bá ká létí, yíya ni yóò ya.

"Ẹ má mira, mà," ó wí. Ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí ọrùn ẹ̀wù náà jẹ́jẹ́, yí orí ìyá ọkọ rẹ̀ po.